Àgbàdo Tó Pẹ́ Nínú Ìgò

Ẹ má tíì bi mí pé kí ló ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Tí inú kò bá bí ẹ̀yin náà nígbà tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kí n rán aṣọ kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníìgò níbi iṣẹ́. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n ìwà wa kò bára tan rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ èmi lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Bí wọ́n bá tẹ òun, òun ló máa bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ẹsẹ̀ òun ló gùn jù. Ìyá wa máa ń sọ pé sùúrù tó yẹ kí àwa méjèèjì jọ pín, ẹ̀gbọ́n mi ti kó o lọ tán kí èmi tó dé ayé.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí. Yàrá tirẹ̀ tutù, ó sì funfun nini. Pẹpẹ ni wọ́n kàn yí ògiri ká láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ìgò wẹ́wẹ́ ló sì kún orí wọn, tí iná funfun ń tàn sí wọn tọ̀sán tòru. Àgbàdo ló wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe pé wọ́n ń gbin hóró àgbàdo sínú ìgò o. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Wọ́n á ya àgbàdo lóko nígbà tí hóró rẹ̀ ṣì rọ̀, tí ó ṣì ń ṣe wàrà. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á wá jókòó sídìí ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ síta, á fi sípíríìtì nu ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, á fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la hóró náà, á sì yọ ọmọ inú rẹ̀ jáde. Ọmọ inú hóró yẹn kò tóbi ju orí píìnì tí mo fi ń so aṣọ mọ́ra lọ. Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ló fi ń rí i. Á wá tẹ́ ẹ sórí oúnjẹ kan tó ti dì nínú ìgò, á dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà lókè. Bó bá tẹ́ ẹ lódì, á kàn hù bí àgbàdo lásán ni. Bó bá tẹ́ ẹ dáadáa, á wú di kókó funfun kan, kókó yẹn ni wọ́n á máa gé wẹ́wẹ́ sínú ìgò míì, gbogbo rẹ̀ á sì wá yọ ewé. Ọmọ kan ṣoṣo á di ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ náà á wọ̀ ọ́ lára ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ sórí ìkòkò tó bá ń dáná. Kì í fọwọ́ kan ìkankan nínú aṣọ mi láì kọ́kọ́ fọwọ́. Ọkọ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dùn ju ìgbà tó bá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ, bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, “Ìyàwó mi, ṣé kí n kọ́kọ́ fi sípíríìtì nu ẹnu ni, kí n tó kí ọ káàárọ̀?” Ẹ̀gbọ́n mi ní kó kúkú nù ún.

Ọ̀gá wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níléèwé nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n tó bá mú abẹ. Ọ̀gá ló máa ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ọwọ́ náà á fi dúró. Ẹ̀kọ́ tó sì ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá yẹn ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kókó náà pẹ́ jù nínú ìgò. Bí wọ́n bá ń gé e, tí wọ́n ń gbé e láti ìgò dé ìgò fún ìgbà pípẹ́, á máa sanra lójú, ṣùgbọ́n nǹkan á ti yí padà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó bá wá di igi àgbàdo, igi náà kò ní jọ ìyá rẹ̀ mọ́. Òmíràn á kúrú, òmíràn á yàgàn, òmíràn á funfun. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Èmi aránṣọ lásánlàsàn mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ sí mi létí títí ó fi sú mi.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì tuntun kan fún wọn, níbi tí àwọn àgbàdo tó bá ti inú ìgò jáde á ti kọ́kọ́ máa gbé kí wọ́n tó lọ sóko. Ilé náà parí. Kókó inú ìgò ti ṣetán, ó ń wá ibi tí yóò ti yọ ewé. Ọ̀gá wá ní àwọn àlejò pàtàkì, àwọn tó ń fún ilé iṣẹ́ náà lówó, ló máa gé ríbọ́ǹnù ilé náà, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá gé e ni àgbàdo àkọ́kọ́ máa wọlé, kí àwọn ayàwòrán lè yà á.

Àwọn àlejò sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n ní àwọn ń rìnrìn àjò. Wọ́n tún sún un. Wọ́n ní ara olórí àwọn kò yá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un ni ọ̀gá máa ní kí wọ́n gé kókó náà, kí wọ́n gbé e sínú ìgò tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a ní ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan yìí ti ń pẹ́ o.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó máa yọ ewé ní yàrá ẹ̀yìn.”

“Ṣé ilé òfìfo la fẹ́ ṣí fún àlejò ni? Ìwọ ṣáà máa gé e lọ.”

Ó ń gé e lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Bí òjò ṣe ń lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń wọlé, ó ń gé e, ó ń gbé e. Nígbà tí àlejò máa fi dé, tí wọ́n gé ríbọ́ǹnù, tí wọ́n yàwòrán, tí wọ́n jẹun tí wọ́n lọ, kókó yẹn ti darúgbó nínú ìgò.

Wọ́n kó àgbàdo náà lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wò ó lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn kan funfun bí ẹfun láti ìdí dé orí, wọ́n sì ti ń kú lọ nítorí ewé funfun kò lè bọ́ ara rẹ̀. Ewé àwọn mìíràn ní ìlà bí aṣọ pijáámà. Ibi tó yẹ kí òdòdó wà lórí àwọn kan, hóró àgbàdo ló hù síbẹ̀. Òdòdó orí àwọn mìíràn sì gbẹ láìní ìyẹ̀fun kankan tí àgbàdo fi ń yọmọ. Lẹ́bàá ọgbà, níbi tí oko ti parí, ìlà kan wà tí kò ga ju ìbàdí mi lọ nígbà tí àwọn tó kù ti ga ju orí àgbàlagbà lọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn wo rèé? Àwọn ọmọ tí wọn ò fún lóúnjẹ?” Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò wọ́n.

Àwọn àlejò padà wá. Ọ̀gá ti ṣèlérí fún wọn pé gbogbo àgbàdo náà máa rí bákan náà, kò ní sí èyí tó yàtọ̀. Wọ́n rìn wọ inú oko, wọ́n dúró. Ìyá àgbà kan láàárín wọn, tó wọ bàtà òjò, bi ọ̀gá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá gbóhùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, ó ní, “Àṣìṣe ọwọ́ ni, mà. Ẹni tó ń gé e ló da irúgbìn pọ̀.” Ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wọn yíjú sí i.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó kọ́ ènìyàn pé kò gbọ́dọ̀ pẹ́, òun kan náà ló ní kó pẹ́, òun kan náà ló tún ń nawọ́ sí ẹni tó kìlọ̀ fún un. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Tó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ni, mo lè dárí jì í. Ó mọ̀! Ọ̀jọ̀gbọ́n ni!

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀.

Ọ̀gá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti bá a sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń ya sí tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọ̀gá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó sí. Èmi wà nídìí máṣíìnì, mo ń fẹsẹ̀ wà á láì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kí wọ́n lè rò pé mi ò gbọ́.

Ó ní, “O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí mo bá sọ pé èmi ni mo dá a dúró, wọ́n á gba ilé iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa fi ọ́ ṣe? Láìpẹ́, wọ́n á ti gbàgbé.”

“Ọ̀gá, mi ò da nǹkan kan pọ̀, sà.”

“Èmi náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ níṣẹ́?”

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì. Mo ní, “Sà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ṣé orúkọ tí ìyá yín sọ yín nìkan ni kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi fojú gún mi. “Má bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn.” Ó bu omi tútù fún ọkùnrin náà, ó sì sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi kúrò ní yàrá ìgò. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìfọgò, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgò tó ti ń fi oúnjẹ àti ẹ̀mí sí, òun ló wá ń fi kànìnkànìn fọ báyìí. Wọn ò pè é ní Ìyá Oníìgò mọ́. Àwọn aláwàdà burúkú ibẹ̀ ń pè é ní Ìyá Adàápọ̀. Oníbàárà mi kan wọlé wá, ó ní, “Áà, ṣé ìwọ ni àbúrò obìnrin tó ba àgbàdo jẹ́ yẹn?” Mo ká aṣọ rẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́ láìrán. Ó ní kí ló dé? Mo ní kó lọ wá ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ba nǹkan kan jẹ́ rí.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, “Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ lọ sọ ọ́!”

“Ó kọ́ mi níṣẹ́.”

“Ó kọ́ yín níṣẹ́, ó sì ti gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin àti òun kò jẹra yín ní nǹkan kan mọ́.”

Ó jókòó sórí àpótí mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọṣẹ ti bó àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ yìí kò da nǹkan kan pọ̀ rí.” Ó bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, mi ò rí i kó sunkún. Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ gan-an, ṣé kí wọ́n dá a padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n lé ọ̀gá lọ. Ó ní rárá. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ kò ju pé kí ọkùnrin yẹn sọ òtítọ́ níwájú àwọn tó purọ́ fún, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Òun kò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá ti pàṣẹ kí wọ́n fa gbogbo àgbàdo tí kò jọ ìyá rẹ̀ tu, kí wọ́n sun ún. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún ni alágbàṣe oko wọn, bàbá kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀la-Ló-Kù. Orúkọ yẹn tó o. Bàbá yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í so bàtà lónìí kó parí rẹ̀ lọ́la. Ó fa àgbàdo náà tu, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ku àwọn kúkúrú tó wà lẹ́bàá ọgbà. Ojú ọ̀run ṣú. Ó wo òkè, ó ní ọ̀la ló kù, ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ ilé. Ọ̀la yẹn kò dé mọ́.

Ìjì ló dé. Ìgbà tí àgbàdo ti yọmọ ni, tí orí rẹ̀ ti wúwo. Ìjì yẹn ká páànù orí ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó ń ká ẹní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbàdo gbogbo oko yẹn ti dùbúlẹ̀, àti tilé iṣẹ́ àti ti àwọn àgbẹ̀ tó múlé tì wọ́n. Àwọn kúkúrú tó wà lẹ́bàá ọgbà nìkan ló wà lórí ìdúró, ọmọ ń bẹ lára wọn, kò sì sí èyí tó tẹ̀.

Ọ̀gá rí wọn. Ó gbin hóró wọn, àwọn ọmọ wọn kúrú bíi tiwọn. Ó tún gbin tàwọn ọmọ, bákan náà ló rí, ìjì fẹ́, wọn ò wó. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá ìfọgò. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn sí àgbàdo náà, pé àwọn àgbẹ̀ á jàǹfààní. Mo ní orí yín ò dáa. Ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá ké sí àwọn àlejò kan náà. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹbí kan dání. Gbọ̀ngàn kún. Ìyá àgbà tó wọ bàtà òjò nígbà kan wà níwájú, bàtà gidi ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbé àgbàdo kúkúrú kan sínú ìkòkò òdòdó sórí pèpéle bí ìyàwó. Ọ̀gá dìde. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìjì, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn àgbẹ̀. Ó wá ní, “Àwọn kan lè rò pé èèṣì ni. Rárá o. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò ni, kó lè yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo pàṣẹ rẹ̀.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin ènìyàn! Nígbà tó burú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló bà á jẹ́. Nígbà tó dára, ọgbọ́n ọ̀gá ni! Mo ti fẹ́ dìde, mo ti la ẹnu, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe náà ni, pé ó ní kí n dákẹ́. Àṣé ó ń fi èjìká mi dìde ni.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní ìbéèrè kan.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá Oníìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, a ó gba ìbéèrè tó bá yá.” Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa gbọ́ kó pè é ní “ẹ”.

Kò jókòó. “Ẹ ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò. Níwájú àwọn àlejò yìí kan náà, ẹ ní èmi ni mo da irúgbìn pọ̀. Sà, èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?”

Ọ̀gá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo òkè àjà. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn ti di àtijọ́, pé ẹbí kan ni gbogbo wa. Ìyá àgbà iwájú yí àga rẹ̀ padà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, ó tún wo ọ̀gá. Ó ní, “Ẹ dá a lóhùn, sà. Èmi náà fẹ́ mọ̀.”

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n.

“A ò gbọ́, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ sọ ọ́ sókè. Sókè lẹ sọ ti àkọ́kọ́.”

Ọ̀gá wá sọ ọ́ sókè. “Obìnrin yìí kò da nǹkan kan pọ̀. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì jókòó. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, èmi nìkan nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fa aṣọ mi pé kí n jọ̀ọ́, ó ti tó. Mi ò dá a lóhùn. Mo pàtẹ́wọ́ náà títí ọwọ́ fi ń ta mí.